Ìfohùnṣọ̀kan àti Ìyapa: Láti Ìṣẹ́rí dé Àwùjọ Àwọn Tí Ń Ṣe Ètò Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òwe yìí rọrùn láti pa, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí kò rọrùn láti dáhùn. Bí ọgbọ́n ọmọdé bá yàtọ̀ sí ti àgbà ńkọ́? Ta ni yóò yí ohùn padà nínú àwọn méjèèjì? Gbogbo àwùjọ tí kò bá fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa pàṣẹ lé òun lórí ni ó ní láti wá ìdáhùn sí ìbéèrè náà. Àwọn tí wọ́n tẹ ìlú dó sí etí odò Ògùn ní ayé àtijọ́ wá ìdáhùn tiwọn. Lónìí, àwọn tí ń pawọ́ pọ̀ ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún gbogbo ayé, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí ojú ara wọn rí, náà ń wá ìdáhùn tiwọn.

Bí a bá fi ìdáhùn méjèèjì wé ara wọn, ohun kan yóò hàn kedere. Kò di dandan kí gbogbo ẹnu sọ bákan náà kí a tó lè sọ pé ohùn ṣọ̀kan. Ohun tí ó di dandan ni pé kí a gbọ́ ti ẹni tí kò gbà, kí a sì dá a lóhùn. Ohun tí ó sì ń mú kí àwọn tí ó pọ̀ jù fetí sí ẹni tí kò gbà ni pé wọ́n mọ̀ pé ó lè dìde, kí ó di ẹrù rẹ̀, kí ó sì lọ tẹ ibòmíràn dó.

ÀWO TÍ Ó RÌ

Ìṣẹ́rí Olówóra wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, kò sì jìnnà sí títì ńlá tí ó lọ láti Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí ń jẹ́ orúkọ Ìṣẹ́rí ní agbègbè odò Ògùn. Orúkọ náà ti wà tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967, nítorí pé nínú ìtàn àwọn Àwórì, Ìṣẹ́rí ni ìdí ilé.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ògúnfúnminíre, tí a wá mọ̀ sí Ọlọ́fin, kúrò ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Wọ́n gbé àwo kan lé ojú omi, wọ́n sì pinnu pé ibi tí àwo náà bá rì sí ni àwọn yóò fi ṣe ibùjókòó. Àwo ń lọ, wọ́n ń tẹ̀lé e. Àwọn kan tí ń pa ìtàn náà sọ pé àwo dúró ní Olókemèjì, ó tún dúró ní Òkè-Àta, àti pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ náà fi ibi tí ó dúró sí ṣe ilé, wọn kò tẹ̀ síwájú mọ́. Nígbà tí àwo dé Ìṣẹ́rí, ó pòòyì lójú omi, ó sì rì. Àwọn tí wọ́n bèèrè ibi tí àwo wà gbọ́ pé àwo ti rì, láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n sì ti mú orúkọ Àwórì jáde.

Ìrìn náà kò parí síbẹ̀. Láti Ìṣẹ́rí ni àwọn kan ti lọ sí Ẹ̀bútè-Mẹ́tta, wọ́n sì ti ibẹ̀ kọjá sí erékùṣù Ìddó, kí omi lè dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ogun. Àrọ́mirẹ́ ni ìtàn sọ pé ó rékọjá sí erékùṣù Èkó láti dá oko ata sí ibi tí Igá Ìdúngànrán, ààfin Ọba Èkó, wà lónìí. Àwọn ìjòyè onílẹ̀ tí à ń pè ní Ìdẹ́jọ, àwọn bíi Ọlọ́tọ̀ọ́, Ọ̀jọ́rà, Olúwa àti Onírù, tọ́ka sí Ọlọ́fin gẹ́gẹ́ bí orísun wọn.

Ẹni tí ó bá fi ojú lásán wo ìtàn yìí lè sọ pé ìtàn ogun àti ìrìn-àjò ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ìtàn nípa bí àwùjọ ṣe ń pinnu. Àwọn tí wọ́n fẹ́ dúró ní Olókemèjì dúró. Àwọn tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ síwájú tẹ̀ síwájú. Kò sí ẹni tí ìtàn sọ pé wọ́n fi okùn dè láti fi tẹ̀lé àwo. Àwọn tí wọ́n ṣẹ́kù sí ẹ̀yìn kò di ọ̀tá, nítorí pé ilẹ̀ pọ̀, odò pọ̀, igbó sì pọ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

BÍ ÀWỌN ÀGBÀ ṢE Ń FI OHÙN ṢỌ̀KAN

Ní ìlú Yorùbá púpọ̀ kí àwọn Òyìnbó tó dé, a kì í ka ọwọ́ nínú ìgbìmọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, wọn a gbé e kalẹ̀, wọn a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní tọ̀tún tòsì. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn ìjòyè kékeré ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, tí àwọn àgbà ìjòyè yóò sì sọ tiwọn lẹ́yìn. Ọgbọ́n wà nínú ètò yìí. Bí olórí bá kọ́kọ́ lanu, ta ni ọmọdé ìjòyè tí yóò já a nírọ́? Ṣùgbọ́n bí kékeré bá ti sọ èrò inú rẹ̀ kí ó tó mọ ibi tí àgbà ń lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bọ́ sí àárín agbo, a kò sì lè dá a padà sí ẹnu rẹ̀ mọ́. Àgbà tí ó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ní iṣẹ́ kan pàtàkì láti ṣe, èyí ni pé kí ó kó gbogbo ohun tí àwọn tí ó ṣáájú sọ jọ, kí ó sì sọ ìpinnu tí gbogbo wọn lè bá lọ sílé.

Bí ohùn kò bá tíì ṣọ̀kan, wọn a sún ọ̀rọ̀ síwájú. Èyí lè pẹ́. Àwọn Ẹ̀gbá dé Abẹ́òkúta ní nǹkan bí ọdún 1830 lábẹ́ ìṣàkóso Ṣódẹkẹ́, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì mú àwọn ìjòyè àti Ògbóni tirẹ̀ wá. Títí di ọdún 1854 ni wọn kò fi ní Aláké ní ìlú tuntun náà, kí wọ́n tó fi Òkùkẹ́nù jẹ. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni wọ́n fi wà láìsí Aláké, ìlú kò sì túká. Àwọn Òyìnbó tí wọ́n wà níbẹ̀ láyé ọjọ́un rò pé àìlágbára ni ó fa ìdádúró bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó kó ènìyàn oríṣiríṣi jọ lẹ́yìn ogun kò lè fi ìkánjú yan ẹni tí yóò jókòó lé gbogbo wọn lórí. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ohun kan náà ni a rí nínú òfin ilẹ̀ ẹbí. Lábẹ́ àṣà, ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti olórí ẹbí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ọmọ ẹbí kankan. Nígbà tí Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ilẹ̀ Apápá, ọ̀rọ̀ náà dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a rìnrìn-àjò náà ní ọdún 1920. Ní ọdún 1921 ni ìdájọ́ jáde, tí Viscount Haldane sì sọ pé ohun tí àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìí mọ̀ ni pé ilẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ, ti abúlé tàbí ti ẹbí, àti pé olórí tí ń bójú tó o ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní orúkọ gbogbo wọn.

Láti inú èyí ni ìlànà kan ti jáde, èyí tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1959. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá tà á láìsí àwọn àgbà ẹbí, títà náà dúró ná, ṣùgbọ́n àwọn tí kò mọ̀ sí i lè pe ẹjọ́ kí wọ́n sì fagi lé e. Àmọ́ wọn kò gbọdọ̀ sùn lé e lórí. Bí wọ́n bá wo ẹni tí ó ra ilẹ̀ títí ó fi kọ́lé, tí wọ́n dákẹ́ fún ọdún gbọọrọ, ilé-ẹjọ́ lè ka ìdákẹ́jẹ́ wọn sí ìfọwọ́sí. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kí ẹni tí ó bá ń ka ìtàn yìí má ṣe gbàgbé ìlànà mẹ́ta yìí: olórí tí kò lè dá ṣe, àtakò ẹnì kan tí ó lè dá ọ̀rọ̀ dúró, àti ìdákẹ́jẹ́ tí ó di ìfọwọ́sí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a óò tún bá pàdé ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò fi ọkàn sí.

ÌLÚ TUNTUN TÍ KÒ NÍ ILẸ̀

Gbogbo kọ̀ǹpútà ni ó ń tẹ̀lé ètò tí ènìyàn kọ sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ a máa fi ètò tiwọn pamọ́, wọn a sì tà á bí ọlọ́jà ṣe ń ta àgbo láì sọ ewé tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oríṣi kejì wà tí ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó lò ó, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983 ni Richard Stallman ní Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò ṣe odindi ètò bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní ìlú Helsinki ní ilẹ̀ Finland, kéde èyí tí a wá mọ̀ sí Linux. Ètò yìí ni ó wà ní ìpìlẹ̀ Android tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù tí àwọn ènìyàn ń lò ní Kétu àti ní Máìlì Kejìlá lónìí.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ dà bí ilẹ̀ ẹbí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń ro ó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí iṣẹ́ náà, nítorí náà kò sí ọ̀gá tí ó lè lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí méjì nínú wọn bá ṣe àtúnṣe tí ó tako ara wọn, ta ni yóò dájọ́?

Ọ̀nà kan tí wọ́n gbà dáhùn rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe ìlànà fún íntánẹ́ẹ̀tì, nínú ẹgbẹ́ tí à ń pè ní IETF. Ènìyàn 21 péré ni ó wà ní ìpàdé wọn àkọ́kọ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1986. Ní ọdún 1992, David Clark, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn, sọ níwájú ìpàdé pé àwọn kò fẹ́ ọba, àwọn kò fẹ́ ààrẹ, àwọn kò sì fẹ́ ìdìbò. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni ìfohùnṣọ̀kan tí ó tó láti fi ṣiṣẹ́, bí kò tilẹ̀ pé pérépéré, àti ètò tí a ti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́. Dípò kí wọ́n nawọ́, alága lè ní kí àwọn tí wọ́n fara mọ́ ọ̀rọ̀ kan kùn bí oyin, kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn náà sì kùn. A kì í ka kíkùn. Ohun tí alága ń gbọ́ ni bí ó ṣe rinlẹ̀ tó, kí ó lè mọ ibi tí ìṣòro wà.

Ní ọdún 2014, Pete Resnick kọ ìwé kan fún ẹgbẹ́ náà láti ṣàlàyé àṣà yìí. Ó sọ níbẹ̀ pé bí ènìyàn márùn-ún bá fara mọ́ ọ̀rọ̀, tí ọgọ́rùn-ún sì takò ó, ó ṣeé ṣe kí a sọ pé ohùn ṣọ̀kan síbẹ̀, bí àtakò ọgọ́rùn-ún náà bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tí a ti gbé yẹ̀ wò tí a sì ti dá lóhùn pátápátá. Bákan náà ni ènìyàn kan ṣoṣo lè dá ọgọ́rùn-ún dúró bí ó bá rí àbùkù tí àwọn yòókù kò rí. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni ìwúwo ọ̀rọ̀. Àgbà tí ó bá jókòó ní ìgbìmọ̀ ìlú Àwórì yóò mọ àṣà yìí lójú ẹsẹ̀, bí a bá lè tú u sí èdè rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kejì ni Apache. Ní ọdún 1995, àwọn ènìyàn mẹ́jọ tí wọ́n ń tún ètò kan ṣe ní ibi tí kálukú wọn wà pinnu láti pa àtúnṣe wọn pọ̀. Ètò náà jẹ́ èyí tí ń fi ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí ẹni tí ó bá bèèrè rẹ̀. Ní ọdún 1999 ni wọ́n dá àjọ sílẹ̀. Ohùn mẹ́ta ni ọmọ ẹgbẹ́ lè fi sílẹ̀ lórí àtúnṣe kan: ó gbà, kò gbà, tàbí kò sí ní ẹ̀gbẹ́ kankan. Bí ẹnì kan tí ó ní ẹ̀tọ́ bá sọ pé òun kò gbà, àtúnṣe náà dúró, ì báà ṣe pé gbogbo àwọn yòókù ti gbà. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀, ìdí náà sì gbọ́dọ̀ jẹ mọ́ iṣẹ́. Bí kò bá lè sọ ìdí, àtakò rẹ̀ kò ní ìwúwo. Bí ẹnì kan bá sì kéde ohun tí ó fẹ́ ṣe, tí kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀, wọ́n gbà pé ìdákẹ́jẹ́ jẹ́ ìfọwọ́sí. Wákàtí 72 ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀, kí àwọn tí ilẹ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú àti àwọn tí ilẹ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lè rí àyè sọ ọ̀rọ̀ wọn.

Kò sí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́jọ náà gbọ́ nípa ilẹ̀ ẹbí ní Èkó rí. Kò sì pọn dandan. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ìṣòro kan náà bá ènìyàn méjì ní ọ̀nà jíjìn sí ara wọn. Àwọn méjèèjì ní ohun ìní tí kì í ṣe ti ẹnì kan, wọ́n sì ní láti pinnu lé e lórí láìsí ọlọ́pàá. Wọ́n wá rìn títí wọ́n fi bá ara wọn ní oríta kan náà.

ÌYAPA

Bí a bá gbọ́ ti ẹni tí kò gbà, tí a dá a lóhùn, tí kò sì gbà síbẹ̀ ńkọ́? Nínú ètò tí ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó ní ẹ̀tọ́ láti ṣe àdàkọ gbogbo iṣẹ́ náà, kí ó fún un ní orúkọ mìíràn, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kò jí nǹkan kan. Àwọn tí ó fi sílẹ̀ ṣì ní gbogbo ohun tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́rí ṣì jẹ́ Ìṣẹ́rí lẹ́yìn tí àwọn kan ti kọjá sí Ẹ̀bútè-Mẹ́tta.

Ní oṣù Kejì ọdún 2014, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú Debian, àwùjọ tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní ọdún 1993. Àríyànjiyàn dé lórí ètò tí yóò máa jí àwọn ètò yòókù dìde nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà. Ẹni mẹ́jọ ni ó wà nínú ìgbìmọ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn. Mẹ́rin wà ní ìhín, mẹ́rin wà ní ọ̀hún. Ohùn alága ni wọ́n fi pinnu. Òfin wọn gba bẹ́ẹ̀ láàyè, ṣùgbọ́n ìpinnu tí a fi ohùn ẹnì kan ṣẹ́gun kò pa iná. Kí ọdún náà tó parí, àwọn kan ti yapa, wọ́n sì ti pe tiwọn ní Devuan.

Ìyapa kì í sábà jẹ́ ìgbẹ̀yìn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014 kan náà, àwọn kan tí inú wọn kò dùn sí bí wọ́n ṣe ń darí Node.js yapa, wọ́n sì pe tiwọn ní io.js. Kò pé ọdún kan tí àwọn méjèèjì tún fi padà di ọ̀kan. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìrẹ́pọ̀ náà jáde. Wọn kò padà sí bí ilé ṣe wà tẹ́lẹ̀, nítorí pé wọ́n ti dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò fún àwọn oníṣẹ́ ní ohùn. Ìyapa ni ó sọ ohun tí ẹ̀bẹ̀ kò lè sọ. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.

Ẹ̀kọ́ pàtàkì kan wà níbí. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń yapa. Ìyapa le, ó ń pa agbára, ó sì ń pín àwọn òṣìṣẹ́ sí méjì. Ṣùgbọ́n nítorí pé gbogbo wọn mọ̀ pé ó ṣeé ṣe, ẹni tí ó wà lórí àga a máa ronú kí ó tó ti ẹnu ẹlòmíràn pa. Ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé ni ó ń mú kí ọ̀rọ̀ inú ilé tutù.

ÌGBÀ TÍ ÌLẸ̀KÙN BÁ TÌ

Ìtàn wa fi hàn bí ó ṣe ń rí nígbà tí ilẹ̀kùn náà bá tì. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje ni ó yẹ kí wọ́n máa fi ohùn ṣọ̀kan láti yan Aláàfin, kí wọ́n sì máa kó o ní ìjánu. Ṣùgbọ́n láàárín nǹkan bí ọdún 1754 sí 1774, Baṣọ̀run Gáà gba agbára ìgbìmọ̀ náà sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ń fi Aláàfin jẹ, ó sì ń mú kí wọ́n kú. Nígbà tí ó bá ní ìgbìmọ̀ ti pinnu, ta ni yóò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ohùn kan ṣoṣo tí a ń gbọ́ nínú ìgbìmọ̀ tí ẹ̀rù ti bà kì í ṣe ìfohùnṣọ̀kan. Aláàfin Abíọ́dún ni ó bì í ṣubú ní ọdún 1774, ìdà ni ó sì fi ṣe é, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní ọ̀nà mọ́.

Àpẹẹrẹ kejì ni ti àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lábẹ́ Ìbàdàn. Àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn jókòó sí ìlú wọn. Wọn kò ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ tí ń pinnu lé wọn lórí ní Ìbàdàn, wọn kò sì ní àyè láti kúrò lábẹ́ rẹ̀ ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Ní ọdún 1878 ni wọ́n dìde, ogun Kírìjì sì bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ọdún 1893 ni ogun sì tó parí pátápátá. Níbi tí ènìyàn kò bá lè sọ̀rọ̀, tí kò sì lè jáde, ìbọn ni yóò bá a sọ̀rọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìgbìmọ̀ àtijọ́ kò ní àléébù. Ẹrú kò ní ohùn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin kò ní ju Ìyálóde kan ṣoṣo lọ tí yóò sọ̀rọ̀ fún wọn. A lè sọ pé ìlú fi ohùn ṣọ̀kan nígbà tí ó jẹ́ pé ìdajì ìlú kò sí ní ìjókòó.

Àwùjọ àwọn tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà náà ní àléébù tirẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé wọn ṣí, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó rí àyè wọlé láti iwájú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń jiyàn. Ẹni tí ó lè kọ̀wé gígùn lóru, tí ọkàn rẹ̀ sì le, ni ohùn rẹ̀ ń ròkè. Wákàtí 72 pọ̀ fún ẹni tí iná mànàmáná kì í kú ní ilé rẹ̀. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí iná rẹ̀ lọ láti ọjọ́ Ẹtì, tí owó dátà rẹ̀ sì ti tán, ọ̀rọ̀ lè ti parí kí ó tó gbọ́ pé ó bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò sì ka ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sí ìfọwọ́sí. Bí òwe ṣe sọ pé ẹni tí ó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ó yẹ kí olùpinnu kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹni náà dákẹ́ ni, tàbí pé a kò jẹ́ kí ó gbọ́.

Kódà ibi tí wọ́n ti ní olórí kan ṣoṣo, àárẹ̀ a máa mú un. Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ni ó dá èdè kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Python sílẹ̀, èyí tí ó jáde ní ọdún 1991. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni abẹ gé. Ní oṣù Keje ọdún 2018, lẹ́yìn àríyànjiyàn kíkan lórí àtúnṣe kékeré kan tí ó fọwọ́ sí, ó fi ipò sílẹ̀. Kò yan àrólé. Ó ní kí àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn pinnu bí wọn yóò ṣe máa ṣe àkóso. Wọ́n jíròrò fún oṣù bíi mélòó kan, wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Ìlú tí ó ní ọba tẹ́lẹ̀ di ìlú ìgbìmọ̀.

LÁTI ÌṢẸ́RÍ LỌ SÍ IWÁJÚ

Ní ọdún 2018 ni Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom dá Open Source Community Africa sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà lè kúrò ní ipò ẹni tí ń lo iṣẹ́ ẹlòmíràn nìkan, kí wọ́n sì di ara àwọn tí ń ṣe é. Ní oṣù Kejì ọdún 2020 ni wọ́n ṣe àjọ̀dún wọn àkọ́kọ́ ní Èkó. Ìgbésẹ̀ náà ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹni tí kò bá sí nínú agbo kò lè sọ pé òun kò gbà.

Àwọn ọ̀dọ́ Ìṣẹ́rí Olówóra lónìí kò lè gbé àwo lé odò Ògùn kí wọ́n sì máa tẹ̀lé e lọ síbi tí kò ní onílẹ̀. Ilé ti kún etí títì, ilẹ̀ sì ti wọ́n. Èyí túmọ̀ sí pé nínú ẹbí, nínú ẹgbẹ́ onílé àti nínú ọjà, ọ̀nà ìyapa tí ó ń mú kí àwọn baba ńlá fetí sí ara wọn ti há. Bí ó bá ti há, a gbọ́dọ̀ fi òfin àti ìwà rọ́pò rẹ̀. Kí kékeré kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí alátakò sọ ìdí, kí a sì fèsì sí ìdí náà kí a tó kọjá. Kí a má ka ìdákẹ́jẹ́ sí nǹkan kan títí a ó fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dé etí gbogbo ẹni tí ó kàn.

Lójú kọ̀ǹpútà, ilẹ̀ kò lè tán, nítorí pé àdàkọ kò dín ti olówó kù. Níbẹ̀, ọmọ Àwórì kan ṣì lè ṣe ohun tí Àrọ́mirẹ́ ṣe, kí ó rékọjá, kí ó sì dá oko tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó rékọjá, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ gbé síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn: ǹjẹ́ ẹni tí ń lọ yìí sọ tẹnu rẹ̀, ǹjẹ́ a sì dá a lóhùn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ó lọ ní àlàáfíà, ilé ṣì ni ilé. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀bi wà lọ́rùn àwọn tí ó jókòó sílé.